Ẹ̀wọ̀n Kan, Ọwọ́ Méjì

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹlòmíì ló gba Òkè Derbo, ẹ tutọ́ sílẹ̀. Èmi ni. Èmi Yirdaw, Bàbá Ààrá, ni mo gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ráàsì Admasu, olórí ogun wa, àti ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọmọ ogun wà níbẹ̀ tí wọ́n ń wò mí. Orúkọ ẹṣin ni akọni ń jẹ́ láàárín wa. Ẹṣin Ráàsì ń jẹ́ Ìjì, la fi ń pe òun fúnra ẹ̀ ní Bàbá Ìjì. Ẹṣin tèmi ń jẹ́ Ààrá. Ẹ má bi mí pé ibo ló wà. Ó ń bọ̀ lọ́nà.

Ṣùgbọ́n ti Mulat ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí tiẹ̀ ni gbogbo wàhálà náà.

Mulat lẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Ó ga débi pé ẹyẹ máa ń bà lé e lórí, tá a bá ń lé wọn, wọ́n á ní àwọn rò pé igi ni. Ọjọ́ kejìlá tá a dó ti Òkè Derbo ló kú. Ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo ló gun òkè náà, àwọn ọlọ̀tẹ̀ sì wà lórí ẹ̀ tí wọ́n ń da òkúta àti ọ̀kọ̀ lé wa. Ọ̀kọ̀ kan wọlé sí i láàárín ọrùn àti èjìká. Mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀. Kó tó dákẹ́, a gbọ́ ohùn ẹni tó jù ú, tó ń ké látòkè bí ẹni tó pa èèyàn lójú ogun ṣe ń ké:

"Asres ni! Èmi Asres alágbẹ̀dẹ ni!"

Alágbẹ̀dẹ! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Kì í ṣe ọmọ olóyè, kì í ṣe ẹlẹ́ṣin. Alágbẹ̀dẹ, àwọn tá a kì í bá jẹun, tá a kì í fọmọ fún, tí gbogbo ayé mọ̀ pé ojú wọn burú, tí wọ́n máa ń di ìkookò. Èmi fúnra mi rí ọ̀kan tó di ìkookò lọ́sàn-án gangan. Ó dáa, ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi ló rí i. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sunkún tán.

"Yirdaw, ṣé òótọ́ ni pé ẹni tó ń rọ abẹ́rẹ́ fún ìyá àwọn èèyàn ló pa ẹ̀gbọ́n ẹ?"

Mo fá orí mi. Mo fọ ẹ̀jẹ̀ Mulat kúrò lára ọ̀kọ̀ náà, mo sì fi í pamọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà táwọn ọmọ ogun ń sáré jáde lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú àgọ́ Ráàsì láti fọ́nnu bí àṣà wa, èmi náà fò síta. Eruku tí mo dá sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó ṣì wà lójú ọ̀run.

"Èmi Yirdaw, Bàbá Ààrá! Èmi tí mo bá sín, kìnnìún á máa wá ihò! Kí Admasu kú bí mo bá parọ́: ogójì ọjọ́ Mulat ò ní pé kí ọwọ́ mi má tẹ Asres alágbẹ̀dẹ! Lọ́jọ́ tó bá pé gan-an, lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn àdúrà ìrántí, ọ̀kọ̀ tó fi pa á ni màá fi pa òun náà!"

Ráàsì ń jẹ bálì yíyan lọ́wọ́. Ó gbọn ọwọ́ nù.

"O fi ikú mi búra, ọmọkùnrin yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, olúwa mi."

"O mọ ohun tó wà níbẹ̀?"

Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹni tó bá fi ikú ọ̀gá ẹ̀ búra, tó sì yẹ̀ ẹ́, ogójì ẹgba awọ erinmi ni. Wọ́n á gba asà lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n á lé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá, á padà sídìí ọkọ́.

"Mo mọ̀ ọ́n, olúwa mi."

"Ó dáa. Gbìyànjú o. Mi ò fẹ́ kí ẹnu ìwọ yìí pa mí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

A wà níbẹ̀, òkè ò ṣubú. Ohun tó ń bí mi nínú jù kì í ṣe ebi, kì í ṣe eṣinṣin. Orin ni. Láràárọ̀, àlùfáà wa, Bàbá Kerlos, á lu òkúta agogo nísàlẹ̀, tiwọn á dá a lóhùn lókè. Orin kan náà, èdè ṣọ́ọ̀ṣì kan náà tí èmi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Àwa ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún wa ní òkè, àwọn ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má fún wa. Mo máa ń wòkè, màá ní, "Ìwọ náà, mú ẹ̀gbẹ́ kan! Ta ni Ó ń gbọ́ tiẹ̀ gan-an?" Orin á tún bẹ̀rẹ̀, lókè, nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹrìndínlógójì tí Mulat kú, Ráàsì pe ìgbìmọ̀. Èmi ni mo ń ṣọ́ ẹnu àgọ́. Tessema olójú kan, tó ń darí ogun iwájú, ló ń sọ̀rọ̀.

"Oṣù méjì ló kù kí òjò dé. Tó bá rọ̀, ihò omi wọn á kún, àwa la máa rì sẹ́rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún gun ọ̀nà tóóró yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Ọgọ́rin ọkùnrin ni mo pàdánù síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," Ráàsì ní. "Mi ò gùn ún mọ́."

Wọ́n dákẹ́. Ẹ mọ̀ mí, mi ò lè rí ìdákẹ́jẹ́ kí n má bá a wí. Mo ti orí bọ inú àgọ́.

"Olúwa mi, mo mọ ọ̀nà mìíì."

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá Ààrá ni."

"Ẹṣin náà ti dé?" Tessema bi mí.

"Ó kù díẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀yìn òkè ni mò ń wí, ibi tó ga jù. Ṣé ẹ ti rí bí ara àpáta ibẹ̀ ṣe dúdú látòkè délẹ̀? Ìdàrọ́ ni. Ibẹ̀ làwọn alágbẹ̀dẹ wọn ń da ìdàrọ́, èérí irin tó yọ́, sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́fà tí mo ti ń wò ó, mi ò rí ọmọ ogun kan tó dúró létí ibẹ̀. Ta ló fẹ́ sùn nítòsí alágbẹ̀dẹ? Ẹ̀yin náà, olúwa mi, ṣé ẹ máa pa àgọ́ yín síbẹ̀?"

Tessema ṣe àmì àgbélébùú. Ráàsì wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Òpònú yìí sọ òótọ́," ó ní. "Wọ́n fi ẹ̀yìn ilé wọn sílẹ̀ torí ìbẹ̀rù. Ta ló máa gun ibẹ̀?"

Ẹ bá wá wo àwọn akọni! Ẹni tó pa èèyàn mẹ́wàá ń wo bàtà ẹ̀. Ẹni tó bá erin jà ń yọ ẹ̀gún lọ́wọ́. Ìbẹ̀rù tó lé àwọn ọlọ̀tẹ̀ kúrò níbẹ̀, òun náà ló mú tiwa lẹ́sẹ̀. Ó wá ku èmi. Inú ń bí mi ju bí ẹ̀rù ṣe ń bà mí lọ.

Ọ̀ọ́dúnrún ọkùnrin ló tẹ̀ lé mi. Ó dáa, ọgbọ̀n. Olúkúlùkù wa so oògùn tí wọ́n kọ sára awọ mọ́ ọrùn, nítorí ojú alágbẹ̀dẹ. Ìkùukùu ìdájí bo àpáta náà, a fi okùn awọ àti èèkàn gùn ún. Ìdàrọ́ gé ọwọ́ wa bí abẹ. Nígbà tí oòrùn yọ, a wà lórí òkè. A sáré lọ ṣí ẹnu ibodè látinú, Tessema àti ogun iwájú ya wọlé. Ìjà náà? Bálì tí wọ́n gbé kaná ò tíì hó tó fi parí. Mo pa ogójì èèyàn. Bí wọ́n bá ní méjì ni, ẹ má dá wọn lóhùn.

Àgbẹ̀dẹ ni mo forí lé. Ẹwìrì ṣì ń mí, iná ń jó. Ọkùnrin kan dúró níwájú owú tó fi ń rọ irin, apá ẹ̀ ki bí ìtí igi, irun orí ẹ̀ ti jóná níwájú. Ó gbé ọmọ owú, òòlù ńlá ẹ̀, sókè. Lẹ́yìn ẹ̀ ni obìnrin kan ká jọ mọ́ igun ilé pẹ̀lú ìdì aṣọ kékeré kan láyà.

"Asres!" mo ké. Àwọn kan ní ohùn mi gbọ̀n. Èéfín ni.

Ó wo ọ̀kọ̀ tó wà lọ́wọ́ mi, ó wò ó dáadáa.

"Èmi ni mo rọ ìyẹn," ó ní.

"Mo mọ̀. Mo dá a padà wá fún ẹ ni."

Ó yíjú wo ìyàwó ẹ̀. Ó rọra gbé ọmọ owú sílẹ̀, bí ẹni gbé ẹyin.

"Jọ̀ọ́, kì í ṣe lójú ẹ̀."

"Fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe òní. Ọjọ́ tìẹ ti wà."

Lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, Ráàsì jókòó dájọ́. Mo ka ẹ̀sùn mi. Mo sunkún díẹ̀ sí i. Asres wà lórí eékún.

"Olúwa mi, ogun ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin yìí gún àbúrò mi Dubale pa. Agbọ̀n tí Dubale fi ń gbé òkúta ni ó wà lọ́wọ́ ẹ̀, kò mú ọ̀kọ̀. Èmi náà búra."

"Irọ́ ni!" mo ní.

"Ọ̀la kọ́, ọ̀túnla, màá sọ ohun tí mo rí," Ráàsì ní. "Ẹ so wọ́n pọ̀."

Bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó pe ẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè, ẹ̀wọ̀n kan ni, ọrùn ọwọ́ sí ọrùn ọwọ́, títí ẹjọ́ á fi tán, kí ẹnì kankan má sá. Ṣùgbọ́n ta ló máa dè é? Alágbẹ̀dẹ tiwa ti sá lọ látìgbà tí wọ́n ní òun ló fún màlúù Tessema ní inú rírun. Ni wọ́n bá ní kí Asres dè é fúnra ẹ̀. Mo na ọwọ́ òsì mi sórí owú. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún tiẹ̀ sí ìkejì, ó fi ọwọ́ òsì lu ìṣó.

"Rọra o!" mo ní.

"Dákẹ́ ara ẹ, àbúrò. Tí mo bá fẹ́ gé e, ì bá ti já."

"Má pè mí lábùúrò!"

"Ó dáa, ẹ̀gbọ́n."

Àwọn tó ń wò wá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín kú. Mo ti ń kà á, ẹ̀rín kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi mí rín, lára Asres ni màá ti gba ẹ̀san ẹ̀.

Ṣé ẹnì kan nínú yín ti fẹ́ pa èèyàn rí, kí ẹ wá jọ máa tọ̀? Ẹ jókòó, kí n sọ fún yín. Ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ ló so mọ́ mi, ọwọ́ tó fi ń jẹun. Wọ́n á gbé ìnjẹ́rà, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, àti ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú wa, èmi tí bàbá mi ò bá alágbẹ̀dẹ jẹ rí. Òkèlè kọ̀ọ̀kan tó bá bù, ọwọ́ mi ń bá a lọ sínú àwo, ń bá a lọ sẹ́nu. Lọ́jọ́ kìíní mi ò jẹun. Lọ́jọ́ kejì ebi ń pa mí tó fi jẹ́ pé mo gbọ́ tí ìfun mi ń pe orúkọ mi. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún mi jẹ. Mi ò di ìkookò. Mo ń yẹ èékánná mi wò.

Èyí tó burú jù ni àdúrà. Tí agogo bá dún, Asres á ṣe àmì àgbélébùú. Iwájú orí, àyà, èjìká, èjìká. Ọwọ́ mi á sì gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ, á bọ̀, lórí ara ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mò ń sàmì fún un! Mo fa ẹ̀wọ̀n náà. Ó dúró, ó wò mí, ó tún un bẹ̀rẹ̀ láti iwájú orí.

"Kí lò ń bẹ̀ Ẹ́ fún?" mo bi í.

"Ọmọ mi. Kò mu ọyàn dáadáa. Ọ̀túnla ló máa pé ogójì ọjọ́, ó yẹ kó ṣe ìsàmì."

Mo kà á lọ́kàn.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

"Ọjọ́ yẹn náà ni. Dubale kú láàárọ̀. Obìnrin mi bí lọ́sàn-án. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo lọ sétí òkè, mo mú ọ̀kọ̀."

Ẹ rí i? Ọjọ́ tí Mulat mi ń kú, ọjọ́ náà lòun ń gbé ọmọ tuntun. Mo fẹ́ kó má ní nǹkan kan láyé. Mo dùbúlẹ̀ lábẹ́ òjìji igi lọ́sàn-án yẹn láti gbàgbé, mo gbé orí lé asà Mulat. Asres náà ní láti dùbúlẹ̀, ẹ̀wọ̀n kan ni. Ni mo bá gbọ́ tí èémí ẹ̀ yí padà. Ó ń wo ìràwọ̀ bàbà tó wà láàárín asà náà, ó ń fi ìka tọ́ ọ.

"Èmi ni mo rọ ìràwọ̀ yìí," ó ní. "Fún Dubale. Igun ẹ̀ kan kúrú, ọ̀kan gùn, ó ní ìràwọ̀ arọ ni mo ṣe fóun. Ó kọ́ ọ sí ẹ̀yìn lọ́jọ́ tó ń ru òkúta."

Irọ́ ò wọ́n mi. Ẹ̀yin náà mọ̀. Lọ́jọ́ yẹn mo wá irọ́ kan, mi ò rí i. Torí èmi ni mo pàtẹ́wọ́ nígbà tí Mulat ju asà yẹn, tó gbà lára ẹni tó pa, sílẹ̀ níwájú Ráàsì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, kó tó tún padà sórí òkè.

Ráàsì náà rántí. Lọ́jọ́ ìdájọ́, kò tiẹ̀ bi mí.

"Mo bu ọtí fún Mulat nítorí asà yẹn," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ kan, ó bára dọ́gba. Tó bá jẹ́ ti ẹjọ́ nìkan, ǹ bá ní kó máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n Yirdaw fi ikú mi búra níwájú ogun, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí mi ṣeré. Ọ̀la, lẹ́yìn àdúrà, alágbẹ̀dẹ wà lọ́wọ́ ẹ. Ṣe ohun tó o búra. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, o mọ iye ẹgba."

Mo yọ̀. Ẹ má rò pé mi ò yọ̀. Mo wọ́ Asres lọ bá Bàbá Kerlos láti ṣètò àdúrà ìrántí Mulat. Bàbá náà á tó ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tín-ín-rín bí ọ̀pá tó fi ń ti ara. Ó ń gbá àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Bàbá, ọtí bálì ti wà, ìnjẹ́rà ti wà fún àwọn akúṣẹ̀ẹ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run dáadáa fún Mulat lọ́la o. Kó má wo ọwọ́ ẹ̀."

"Kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ogun ni, Bàbá."

"Ẹ̀jẹ̀," àlùfáà ní. "Ti èèyàn mélòó?"

"Méje." Nígbà tí Mulat wà láyé, àádọ́rin ni mo máa ń pè é.

"Kí Ọlọ́run gbójú fo ẹ̀jẹ̀ méje. Kí o wá ta ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Rẹ̀ bí mo bá ti ṣe àmín." Ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí Asres. "Èyí ńkọ́? Ìyàwó ẹ̀ náà wá bẹ̀ mí nípa Dubale wọn láàárọ̀. Ẹnu kan ni mo ní, ọmọ mi. Ẹnu wo ni kí n fi ní kó fẹ́ràn apààyàn tìẹ, kó kórìíra apààyàn tiẹ̀?"

"Kó yan ọ̀kan! Alágbẹ̀dẹ ni! Ṣé èmi àti òun wá dọ́gba lójú Ẹ̀ ni?"

"Láti àádọ́ta ọdún ni mo ti ń ri ọmọ bọmi. Mo ti ri ọmọ ráàsì, mo ti ri ọmọ ẹrú, mo ri ìwọ náà, o sì bá mi jà nínú omi. Omi náà ò lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀kan kó wá tutù fún èkejì rí. Bó bá ń yan èèyàn ni, ṣé o rò pé Mulat ló máa yàn? Pẹ̀lú ọwọ́ yẹn?"

Mo bínú débi pé mo bú àlùfáà. Ẹ má sọ fún ìyá mi. Ohun tó bí mi nínú ni pé mi ò rí ibi tí mo lè gbà jáde. Bí Ọlọ́run bá lè ju alágbẹ̀dẹ nù, Mulat ti lọ. Bí Mulat bá wà lọ́wọ́ Ẹ̀, ọwọ́ kan náà ni alágbẹ̀dẹ wà. Mo fẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ tèmi nìkan. Kò sí irú ẹ̀ níbẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́. Gbogbo ogun pé sí àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀ òkè. Ráàsì jókòó sórí àga. Ọ̀kọ̀ náà dúró gbọnrangandan lára ògiri ẹnu ọ̀nà, mo ti pọ́n ọn. Bàbá Kerlos kọrin ìrántí, ó dárúkọ Mulat nígbà mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó Asres wọlé pẹ̀lú ọmọ, orí ẹ̀ wà nílẹ̀. Àwọn obìnrin fi aṣọ bo ojú àwọn ọmọ tiwọn kí ó má wò wọ́n.

"Ta ni bàbá ìsàmì ọmọ yìí?" àlùfáà bèèrè.

"Ó kú lórí òkè, Bàbá," obìnrin náà ní. "Nínú ìjà."

Ọkùnrin gbọ́dọ̀ gba ọmọkùnrin lọ́wọ́ àlùfáà bó bá ti jáde nínú omi, ẹni náà kì í sì í ṣe mọ̀lẹ́bí. Tó bá gbà á, ó di bàbá. Kò gbọdọ̀ ta ẹ̀jẹ̀ ilé ọmọ náà sílẹ̀ títí láé. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

"Ta ló máa gbà á?"

Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà akọni. Kò sí ẹni tó húkọ́.

Àlùfáà ò tún bèèrè mọ́. Ó tú aṣọ lára ọmọ náà, ó rì í bọ inú omi lẹ́ẹ̀kan, ó rì í lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ náà kéré ju ehoro tí wọ́n bó láwọ lọ. Kò sunkún. Bàbá Kerlos gbé e sókè, omi ń kán sílẹ̀, ó na apá méjèèjì síta, ó dúró. Ẹni ọgọ́rin ọdún. Apá ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ètè ọmọ náà ń dúdú.

Asres ò lè gbà á, bàbá kì í gba ọmọ ẹ̀. Mo gbọ́ èémí ẹ̀ létí mi. Ẹ̀wọ̀n náà ń dún jìnjìn, torí ó ń gbọ̀n. Ì bá bẹ̀ mí, ǹ bá tutọ́ sí i lójú. Kò bẹ̀ mí.

Mo wo ọ̀kọ̀. Mo wo apá arúgbó yẹn tó nà síta. Mo ro ọwọ́ Ọlọ́run, bóyá ó gba Mulat lọ́jọ́ yẹn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ èèyàn méje lára ẹ̀, bóyá Ó ṣì ń nà án síta tí ẹnì kan ò sì gbà á lọ́wọ́ Ẹ̀.

"Ẹ mú un wá jàre!" mo ké. "Àbí ẹ fẹ́ kó jábọ́ ni?"

Mo na apá méjèèjì. Ọwọ́ òsì mi fa ọwọ́ ọ̀tún Asres dání, ó sì di pé ọwọ́ mẹ́ta ló wà lábẹ́ ọmọ náà, àti ẹ̀wọ̀n tútù kan. Irin náà kàn án lẹ́yìn. Ó ké! Ó ké débi pé ẹṣin Ráàsì já okùn. Èyí kì í ṣe irọ́, ẹ bi wọ́n.

Ráàsì dìde.

"Yirdaw. O mọ ohun tó o ṣe?"

"Mo mọ̀, olúwa mi."

"Ogójì. Asà ẹ. Ẹnu ọ̀nà mi."

"Mo mọ̀."

"Lẹ́yìn ìsìn," ó ní, ó sì jókòó. Tessema wo ojú ọ̀run. Ẹnì kan lẹ́yìn pariwo pé, "Bàbá Alágbẹ̀dẹ!" ẹ̀rín sì ta. Orúkọ tuntun mi nìyẹn. Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi pè mí, kí ẹ rí i.

Àlùfáà fi òróró sí ọmọ náà lórí, ó so okùn búlúù mọ́ ọn lọ́rùn.

"Bàbá ìsàmì ló ń dárúkọ tí ẹnu ayé máa fi pè é. Kí ni kí á pè é?"

Mo yíjú sí Asres. Ojú ẹ̀ ti kún fún omi, ó fẹ́ sọ ohun kan, bóyá ọpẹ́ ni. Ṣé ó rò pé ó ti tán ni? Mo sún mọ́ etí ẹ̀.

"Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Gbọ́ mi dáadáa. Tó o bá fẹ́ kó wá jẹun, tó bá ṣubú, tó bá ń ṣàìsàn, tó o bá ń wá a kiri nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, orúkọ tí mo fẹ́ fún un yìí ni wàá máa pè. Títí wàá fi kú."

Mo gbé ohùn sókè kí gbogbo ogun lè gbọ́.

"Mulat!"

Asres ṣe bí ẹni tí wọ́n gbá láyà. Ó wólẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì fà mí tẹ̀ síwájú. Ọmọ náà ṣì ń ké.

"Pè é," mo ní. "Ọmọ ẹ ń sunkún. Pè é."

Àlùfáà dúró. Gbogbo ènìyàn dúró.

"Mulat," ó ní.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìyá wa ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà tí Mulat wà ní kékeré. Láti ogójì ọjọ́, ẹnì kan ò tíì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wá ibi tí ohùn náà ti wá.

Ẹyin ojú mi ń ta mí. Òróró ìsàmì yẹn ló ta sí i.

"Tún un pè," mo ní.